Bí Ọjà Bá Kọjá Ẹnubodè, Ta Ló Ń Ṣọ́ Ilẹ̀ àti Omi?

Bí àwọn orílẹ̀-èdè bá fẹnu kò láti mú owó bodè kúrò lórí ẹrù ara wọn, iṣẹ́ àti èrè tí yóò ti ibẹ̀ wá ni a sábà máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá ẹ̀gbin sílẹ̀ pàápàá lè bá ẹnubodè tó ṣí lọ, kí ẹ̀gbin rẹ̀ kù sílẹ̀. Nítorí náà, lójú tèmi, àdéhùn òwò tí kò bá fún mẹ̀kúnnù ní ibi tó lè fẹjọ́ ilẹ̀ àti omi rẹ̀ sùn kò tíì parí.

Ẹ wo Tijuana ní Mẹ́síkò, létí ààlà Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ Metales y Derivados ń yọ òjé láti inú bátìrì tó ti kú níbẹ̀. Ìjọba tì í pa ní 1994. Ẹni tó ni ín sọdá sí San Diego, ó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ìdàrọ́ òjé sílẹ̀ lókè àdúgbò Chilpancingo, níbi tí tọmọdé tàgbà ń gbé. Ọwọ́ òfin Mẹ́síkò kò tó o mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni àdéhùn NAFTA láàárín Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn mìíràn lórí àyíká. Àdéhùn àyíká yìí ló dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Montreal, tí aráàlú lè kọ̀wé sí bí ìjọba kan kò bá mú òfin àyíká tirẹ̀ ṣẹ. Àwọn ará Chilpancingo àti ẹgbẹ́ kan ní San Diego kọ̀wé ní 1998. Àbájáde ìwádìí jáde ní 2002: oró náà ṣì wà níbẹ̀, ohun tí ìjọba ṣe kò sì tó láti dènà ewu rẹ̀. Ní 2004 Mẹ́síkò bá àwọn ará àdúgbò ṣàdéhùn, wọ́n sì palẹ̀ ibẹ̀ mọ́ láàárín ọdún márùn-ún.

Àwọn kan á ní àwọn ọlọ́rọ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ àyíká dènà ẹrù tálákà. Ìfura yẹn nídìí, àmọ́ àdéhùn àyíká náà kò fi òfin Amẹ́ríkà lé Mẹ́síkò lórí. Òfin tí Mẹ́síkò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni wọ́n ní kó mú ṣẹ. Àtakò tó ká mi lára jù ni pé ìgbìmọ̀ náà kò léyín: ìwádìí ló lè ṣe lórí ẹ̀sùn aráàlú, kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Òótọ́ ni, àwọn ọmọ Chilpancingo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró. Àdéhùn tó rọ́pò NAFTA ní 2020 fi ọ̀rọ̀ àyíká sábẹ́ ìlànà tí wọ́n fi ń yanjú aáwọ̀ òwò. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni Amẹ́ríkà fi pe Mẹ́síkò sí ìjíròrò ní 2022 nítorí vaquita, ẹranko òkun kékeré kan tí àwọ̀n apẹja ti fẹ́ẹ̀ pa tán. Síbẹ̀, ìjọba ló ń pe ìjọba níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òwò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Accra, ní oṣù kìíní 2021. Àdéhùn náà gba orílẹ̀-èdè láyè láti ṣòfin tí yóò dáàbò bo ẹ̀mí ènìyàn, ẹranko àti ewéko, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí aráàlú lè kọ irú ìwé ti Chilpancingo sí. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ń yọ òjé bátìrì ní Ògìjó, Ìpínlẹ̀ Ògùn, bíi ti Tijuana. Bí ìjọba bá fòfin de irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, kí ni yóò dá olówó dúró láti kó o sọdá sí Bẹ̀nẹ̀? Ẹni tí kànga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ náà yẹ kó lè kọ̀wé sí Accra, kí Accra sì ní gbèdéke ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi dá a lóhùn.