Ọkọ̀ Tí Ń Kú Lójú Ọ̀nà: Ẹ Má Jẹ́ Kí A Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba abẹ́ afárá Sángo-Ọ̀tà kọjá ní ìrọ̀lẹ́ yóò ti rí i rí: ọkọ̀ àtijọ́ kan a kú sí àárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, awakọ̀ a ṣí bónẹ́ẹ̀tì, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn a sì máa fi fèrè bú u. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọkọ̀ náà a tún jí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀, tí ń lọ tí ń bọ̀, ni ó ń jẹ owó àwọn ènìyàn wa mọ́ wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a sì fẹ́ sọ lónìí.

Àwa pàápàá ti jẹ nínú ìyà náà. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí a ṣe ní 1999 ni. Mẹkáníìkì kìn-ín-ní pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Èkejì ní pọ́ǹpù epo ni, ó sì fi òmíràn sí i. Ẹ̀kẹta fọ àwọn nọ́sù tí ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì ní kí a wá owó ọpọlọ ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní brain box. Owó tán, àìsàn kò tán.

Ọ̀gá àgbà kan ní ojú ọ̀nà Ìdírókò ni ó yọ wá. Kò kọ́kọ́ pààrọ̀ ohunkóhun. Ó so géèjì mọ́ ọ̀nà epo, ó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ títí ó fi gbóná. Ní ìbẹ̀rẹ̀, géèjì ka 42. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ kú, ó ti wálẹ̀ sí 20. Ó wọn iná: fóòtì 13.8 ni ó wà lórí bátìrì, ṣùgbọ́n 9 péré ni ó dé ìdí pọ́ǹpù. Ó tọ ipa wáyà padà títí ó fi dé rilé kékeré tí ń fi iná ránṣẹ́ sí pọ́ǹpù. Òjé inú rẹ̀ ti sán. Bí ó bá sì ti gbóná, ojú ibi tí ó sán náà a là. Ó jó òjé tuntun mọ́ ọn, àrùn sì lọ. Bóyá pọ́ǹpù tí a sọ nù kò tilẹ̀ ní àbùkù kankan!

A kò sọ èyí láti fi àwọn mẹkáníìkì wa ṣẹ̀sín. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kàdúná ní 1975, kábúrétọ̀ ni ó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀. Etí tí ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì àti ọwọ́ tí ó mọ skúrúdíráfà lò ti tó fún un. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tí ń fi nọ́sù tú epo, iná mànàmáná ni ó ń pàṣẹ fún nọ́sù láti ṣí fún ìdá díẹ̀ nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí etí tí ó lè gbọ́ èyíinì.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀rọ tí ń ka àrùn ọkọ̀ ti dé. Òótọ́ ni: láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ojú ibi kan náà tí a lè ki irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í dájọ́. Ẹ̀sùn ni ó ń rò. Bí ó bá sọ pé P0171, ohun tí ó wí ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ó lè jẹ́ pọ́ǹpù ni ó rẹ̀, ó lè jẹ́ fílítà ni ó dí, ó sì lè jẹ́ rọ́bà kan ni ó ya tí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Wíwọ̀n nìkan ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kò yẹ kí a gbàgbé epo fúnra rẹ̀. Ní oṣù Èrèlé 2022, àjọ ìjọba tí ń mójútó ọ̀rọ̀ epo jẹ́wọ́ pé bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí iye rẹ̀ fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà sí òkè 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọkọ̀ tí kò jó epo bí ó ti yẹ ti di olè nínú ilé.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rèé. Kí ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì má ṣe dá ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ láìmọ géèjì àti ẹ̀rọ tí ń wọn iná lò. Kí àwa onímọ́tò sì yé ṣe ahun lórí owó àyẹ̀wò, nígbà tí a ń san owó púpọ̀ fún ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí kò ní àrùn. A sì ń bẹ Yunifásítì Covenant àti Yunifásítì Bells, tí àwọn méjèèjì wà ní Ọ̀tà níbí, àti ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, kí wọ́n ṣí ilé ìdánwò ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọ̀nyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Sátidé kan lóṣù.

Oníṣègùn tí ó da oògùn sí aláìsàn lẹ́nu kí ó tó bi í pé kí ni ó ń ṣe é, a kì í pè é ní oníṣègùn gidi. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí fún ẹni tí a gbé ọkọ̀ wá bá.