Ọmọ Wa Tó Wà Lókè Òkun àti Ìbò Ilé

Agbolé tí kò ní ọmọ lókè òkun kò pọ̀ mọ́ ní Òwu níhìn-ín. Nítorí náà, bí ìbò bá ti ńsúnmọ́, àwọn ìyá a máa bi wá ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà pé, "Tíṣà, ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Ṣé kò lè dìbò láti ibẹ̀ ni?"

Kò lè ṣe é. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí yóò forúkọ sílẹ̀ fún ìbò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ó ti pé ọmọ ọdún 18, kí ó sì máa gbé Nàìjíríà ní àkókò tí wọ́n ńkọ orúkọ. Ohun kẹta yìí ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ará òkè òkun. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin ní Àbújá dìbò lórí bóyá kí wọ́n yí i padà. Ní Ilé Aṣòfin Àgbà, ẹni 29 gbà, 62 kọ̀. Ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, 58 gbà, 240 kọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣubú sí.

Àwọn kan ńbẹ̀rù pé, ta ni yóò ṣọ́ àpótí ìbò ní ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará Benin, aládùúgbò wa, ńdìbò yan Ààrẹ wọn láti òkèèrè. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé, ọmọ Nàìjíríà tó ńgbé Ìlú Ọba, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ pé, lè dìbò yan aṣòfin níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì di ọmọ ilẹ̀ náà, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò rí nǹkan! Ó ńdìbò fún ará Lọ́ńdọ̀nù, kò lè dìbò fún ará Òwu. Bẹ́ẹ̀ owó tó ńfi ránṣẹ́ ni a fi ńkan páànù sórí ilé.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kan ẹ̀yin tí ẹ wà nílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti gba káàdì ìdìbò kí wọ́n tó lọ. Káàdì náà wà nínú àpótí ìyá. Bí ìbò bá dé, ẹnìkan lè yọ́ wá, kí ó ní, "Ìyá, káàdì ọmọ yín kò ṣáà ṣiṣẹ́. Ẹ fún wa, ẹ gba owó ọbẹ̀." Ẹ má ṣe é o! Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ti sọ nígbà náà pé ẹni tó ta káàdì àti ẹni tó rà á lè san ìtanràn tó tó ₦500,000, tàbí kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí kí wọ́n jẹ méjèèjì pọ̀. Ní ìbò ọdún 2023 pàápàá, ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n fi ńyẹ ìka tàbí ojú olúkúlùkù wò kí wọ́n tó fún un ní ìwé ìbò. Ojú ọmọ yín kò sí lára ẹlòmíràn.

Bí ọmọ náà bá wà nílé lọ́jọ́ ìbò, ó lè fi káàdì rẹ̀ dìbò ní ibùdó tí orúkọ rẹ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ Èkó ni ó ti forúkọ sílẹ̀, Èkó ni yóò lọ, àfi bí ó bá ti tètè ní kí wọ́n gbé orúkọ òun wá sí Òwu. Nítorí náà, bí ẹ bá ńkọ lẹ́tà sí i (ẹ ṣáà ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí), ẹ sọ fún un pé káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, kí ó sì béèrè ọjọ́ ìbò kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.