Asofẹ́yẹjẹ, Abẹ́òkúta àti àwọn tó kọ ìtàn LSD

Bí o bá bi ẹlẹ́wé ọmọ tó pàtẹ létí Ọjà Àlàbá, lápá Ọ̀jọ́, nípa igi asofẹ́yẹjẹ, ó ṣeé ṣe kó sọ fún ọ pé gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n fi ń wẹ́rọ̀ fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ìmọ̀ yìí ti wà kí ẹnikẹ́ni tó kó rédíò wá tà ní Àlàbá. Ó sì kan ìtàn LSD.

Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn àwọn oògùn tó ń mú ènìyàn rí ìran, Albert Hofmann, ará Switzerland tó ṣe LSD ní 1938, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà Timothy Leary ti Harvard. A kì í gbọ́ nípa àwọn adáhunṣe Ẹ̀gbá, ó sì dùn mí.

Ní 1957, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti Kánádà, dé ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta. Thomas Adéoyè Lambo ló ń darí ibẹ̀, ó sì ti gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Prince tọ̀ wọ́n lọ, ó wo bí wọ́n ṣe ń fún aláìsàn ní asofẹ́yẹjẹ títí oorun fi gbé e, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó kọ ọ́ jáde ní 1960.

Inú gbòǹgbò náà ni èròjà tó ń jẹ́ reserpine wà, èyí tí wọ́n ti yọ lára ìbátan rẹ̀ ti Íńdíà ní 1952. Ó ń gbọ́n serotonin, ohun tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, dànù kúrò níbi tí ọpọlọ ń kó o pamọ́ sí. LSD ní tirẹ̀ jọ serotonin, ó sì ń jókòó sí àyè rẹ̀. Látara àwọn méjèèjì ni àwọn onímọ̀ fi fura, láàárín 1950 sí 1960, pé serotonin lọ́wọ́ nínú ìwà àti ìrònú wa. (Ẹ má ṣe dá asofẹ́yẹjẹ lò o: ó ń fa ìfúnpá wálẹ̀ gan-an.)

Charles Savage, dókítà Amẹ́ríkà tó ti ń fi LSD ṣèwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950, bá Prince kọ̀wé lórí ìrírí àràmàǹdà nínú Psychedelic Review ní 1966. Ní 1967, àwọn méjèèjì tún kọ̀wé nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láàárín Yorùbá.

Prince àti Frank Speed, oníṣẹ́ fíìmù, ti ṣe fíìmù kan ṣáájú, ní 1963. Wèrè Ni ni wọ́n pè é. Inú rẹ̀ ni a ti lè rí àwọn oníṣègùn wa lẹ́nu iṣẹ́.