Ohun Tó Fọ́ Ìjàyè Mọ́ Kúrunmí Lórí

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìtàn jagunjagun tó ṣẹ́gun pọ̀ nílẹ̀. Ti alẹ́ òní, ìyanu ni, torí ẹni tí ogun kì í borí ni ogun borí.

Kúrunmí ni orúkọ rẹ̀, Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí Ìjàyè. Ọkùnrin náà le! Ní 1844, Olúyọ̀lé, Baṣọ̀run Ìbàdàn, gbógun lọ bá a, kò rí Ìjàyè kó. Kúrunmí ló ń pàṣẹ ìlú, òun náà ló ń darí ìbọ òrìṣà. Olóyè tó bá fẹ́ yọrí, ó rẹ́ ẹ lulẹ̀.

Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, wọ́n fi Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba. Kúrunmí ní èèwọ̀ ni, Àrẹ̀mọ gbọ́dọ̀ bá baba rẹ̀ kú. Kò parọ́ o, àṣà Ọ̀yọ́ àtijọ́ nìyẹn. Kò forí balẹ̀ fún Adélù. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, ogun bẹ́ ní 1860. Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́.

Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, àti Ògúnmọ́lá ò fi ìbọn nìkan jà. Wọ́n dí ọ̀nà Òkè Ògùn, níbi tí oúnjẹ Ìjàyè ti ń wá. Ọjà Ìkòtún tí ẹ ń ná yìí, bí mọ́tò ẹlẹ́rù ò bá wọ̀ ọ́ fún oṣù kan, kí la ó jẹ nílé yìí? Ti Ìjàyè kọjá ọdún kan. Òbí ń fi ọmọ lé ọwọ́ Ẹ̀gbá tó wá gbèjà wọn, nítorí oúnjẹ. Mi ò lè sọ ibẹ̀ yẹn kí ọkàn mi má gbọgbẹ́. Àwọn oníwàásù òyìnbó kó ọmọ díẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n là.

Ogun pa ọmọ Kúrunmí márùn-ún. Ọgbẹ́ ọkàn wọ̀ ọ́ lára, ó kú ní 1861.

Ta ni yóò wá di ogun mú? Àwọn tó tó bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ti rẹ́ wọn. Ìbàdàn ní tiwọn, bí akọni kan bá ṣubú, òmíràn ti wà nídìí ogun. Oṣù kẹta 1862, Ìjàyè fọ́. Àdáṣe Kúrunmí ni mo dá lẹ́bi ju ebi lọ.

Adélù jọba títí. Nígbà tí òun náà wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀ ò bá a kú. Ṣùgbọ́n Àrẹ̀mọ yẹn kọ́ ló gorí ìtẹ́, àbúrò Adélù ni, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní.