Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Ka “ẹ̀” sí Méjì

Láti oṣù Kẹsàn-án 2025 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé N-ATLAS jáde, ẹ̀rọ tí wọ́n fi Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò kọ́, ni ọ̀pọ̀ ti ń yọ̀ pé kọ̀ǹpútà ti gbọ́ èdè wa. Ayọ̀ náà tọ́. Àmọ́ ẹ ní kí wọ́n tẹ “Ìsàlẹ̀ Èkó” sórí ìwé ìpè ìgbéyàwó ní Ọbaléndé, kí wọ́n wá pààrọ̀ fọ́ǹtì. Ì, à, È àti ó á dúró digbí. Ẹ̀ nìkan ni àmì orí rẹ̀ lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo gba ipò rẹ̀.

Unicode, tó jáde lọ́dún 1991, ló ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà tí fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀. È àti ó rí nọ́ńbà gbà nítorí èdè àwọn ará Yúróòpù. Ẹ àti ọ wọlé nítorí Vietnam. Níbẹ̀, àmì abẹ́ yẹn gan-an ni ohùn, fáwẹ̀lì kan kì í sì í gba ohùn méjì, nítorí náà ẹ̀ kò wúlò fún wọn. Àwa tí a ti fìdí àkọtọ́ wa múlẹ̀ níbi ìpàdé ìjọ CMS ní Èkó lọ́dún 1875, nọ́ńbà méjì la fi ń kọ ọ́: ọ̀kan fún ẹ, ọ̀kan fún àmì dò.

Ẹ tẹ bọ́tìnì ìpaarẹ́ lẹ́ẹ̀kan: lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, àmì dò nìkan ló máa lọ. Ẹlòmíràn á kọ́kọ́ tẹ è, kó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n áàpù tí wọn kò ṣe dáadáa á kà á sí ọ̀rọ̀ mìíràn, ìwé tí ẹ ń wá kò sì ní jáde.

Ṣé kí Unicode wá fún ẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀? Wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn yẹn, kí àkọsílẹ̀ àtijọ́ má bàa dàrú. Nọ́ńbà tuntun wà fún ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá, bí ADLaM, àwọn lẹ́tà tí Ibrahima àti Abdoulaye Barry, ọmọ ìyá méjì, dá sílẹ̀ fún èdè Fúlàní ní Guinea lọ́dún 1989, tó wọ Unicode ní 2016. Ohun tí Yorùbá nílò ti wà níbẹ̀. Lójú tèmi, àwọn tó ń ṣe fọ́ǹtì àti áàpù ló kù tó ń jẹ wá ní gbèsè. Ó sì jọ pé wọn ò ní yára san án, níwọ̀n ìgbà tí àwa fúnra wa ń kọ Yorùbá ránṣẹ́ láìfàmì sí i.

Bí áàpù kan bá ba orúkọ yín jẹ́, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni ín. Kò sí àwíjàre fún wọn: fọ́ǹtì Noto ti Google ń gbé àmì wa síbi tó yẹ, ọ̀fẹ́ sì ni.