Bí A Ṣe Ń Wá Ìkànnì Sátẹ́láìtì Nínú Ilé

Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Lónìí, díìṣì pọ̀ lórí páànù láti Pópó Yemọja títí dé Mápó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará ilé ni ó ń tẹ bọ́tìnnì ìwákànnì léraléra láìrí nǹkan kan. Ìdí ni pé dìkódà kò lè rí ohun tí díìṣì kò kọjú sí.

Òkè agbedeméjì ayé ni àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí wà, ní nǹkan bí kìlómítà 36,000. Wọ́n ń bá ayé yí, nítorí náà ojú kan náà ni a máa ń bá wọn. Ní Ìbàdàn, díìṣì tí a fi ń wo sátẹ́láìtì ìwọ̀n 5 lápá ìlà-oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbójú sókè pátápátá. Ti ìwọ̀n 36 kọjú sí ìlà-oòrùn.

Kí ẹ tó wá ìkànnì, ẹ wo “Signal Quality” lójú tẹlifíṣọ̀n. Bí ó bá ṣófo, wáyà tí ó tú tàbí díìṣì tí atẹ́gùn yí ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Bí ó bá kún dáadáa, ẹ yan orúkọ sátẹ́láìtì, ẹ tẹ “Blind Scan”, kí ẹ sì tẹ “Save” nígbà tí ó bá parí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gun òrùlé nígbà òjò, ẹ má sì ri òpó díìṣì mọ́ ẹ̀gbẹ́ wáyà iná. Irin tí ó bá kàn án lè gbẹ̀mí ènìyàn. Oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ẹ pè. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.