Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ẹ̀yin ìyá ilé wa ọ̀wọ́n, bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ti fi ọjà sílẹ̀ kí ó máa dá iye owó fún ara rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni. Inú ìkòkò ọbẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ náà ń parí sí.

Ní oṣù keje ọdún 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP. Dọ́là kan tí kò tó náírà 2 tẹ́lẹ̀ ti ju náírà 3 lọ kí ọdún náà tó parí. Nígbà tí ó di 1987, wọ́n fi òfin de àlìkámà òkèèrè, búrẹ́dì sì gbówó lórí. Ní 2023 ẹ̀wẹ̀, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, wọ́n sì tún tú náírà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Ìlọrin. Amọ̀ ilẹ̀ wa ni àwọn obìnrin amọ̀kòkò Dada, ní Òkèlele, fi ń mọ ìkòkò. Wọn kì í fi dọ́là ra amọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń hun aṣọ òfì ní láti ra òwú, òwú tí ó bá sì ti òkèèrè wá a máa gbówó lórí bí náírà bá ti ń rẹlẹ̀. Òfin kan náà ni, ilé méjì ni ó wọ̀, kò sì bá wọn lò bákan náà. Síbẹ̀, amọ̀kòkò pàápàá ń sanwó ọkọ̀ tí ó ń gbé ìkòkò lọ sọ́jà.

Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òwò, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ibi tí ohun èlò rẹ̀ ti ń wá. Bí ẹ bá sì ń tajà, iye tí ẹ ó fi ra òmíràn ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye tí ẹ fi ra ti àná; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èrè yóò wà lẹ́nu, owó òwò yóò sì ti tán. Bí àjọ bá kàn yín, ẹ tètè fi ra ọjà tí kì í bàjẹ́, kí owó má baà gbó sábẹ́ ẹní.

Ẹ̀yin ìjọba náà, títú ọjà sílẹ̀ nìkan kò tó. Ọ̀nà tí ó dára àti owó yíyá tí kò ní èlé ni oníṣẹ́ ọwọ́ ń fẹ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà; ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ owó kò lè rin ọ̀kan nínú wọn.